Ẹ̀rọ wo ló yẹ ahoro aba ní Kétu? Ìfiwéra fún ẹni tó ń wá owó àtijọ́

Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ràn jìnnà tó nínú ilẹ̀ ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tó ń wá irin máa ń kọ́kọ́ fi polówó. Ní agbègbè Kétu ní Benin, ìyẹn kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Ilẹ̀ wa pupa, yangí kún inú rẹ̀, irin tó wà nínú ilẹ̀ náà ló sì sọ ọ́ di pupa. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ í bá lò á máa ké ṣáá láti àárọ̀ dé ọ̀sán láìkan owó kankan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí èèyàn bi ọlọ́jà ni pé: ṣé mo lè fọwọ́ ara mi mú ẹ̀rọ yìí bá ilẹ̀ mu? Ìkejì: ṣé àwo kékeré (àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tí a ń gbé kọjá lórí ilẹ̀) wà fún un? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti rí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́ ní ahoro aba. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń sọ ti jíjìn.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ká tó fi ẹ̀rọ wé ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń wá, torí òun ló ń yan ẹ̀rọ fúnni. Àwọn ahoro tó yí Kétu ká kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà. Òmíràn ti wà láti ìgbà tí ogun Dàhòmì fọ́ ìlú ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àbọ́mẹ̀. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́ kù ráyè padà wá tún ìlú dó, ní 1893 sí 1894. Òmíràn di ahoro lábẹ́ Faransé, nígbà tí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọkùnrin wọṣẹ́ ológun mú kí odidi agbo ilé ṣí kọjá ààlà lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe jáde. Òmíràn kàn di ahoro nítorí pé ilẹ̀ ti ṣá, tàbí torí pé ọ̀nà ọkọ̀ gba ibòmíràn kọjá.

Ní ahoro ìgbà ogun, owó ẹyọ ló pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kankan kì í gbọ́ owó ẹyọ, ìkarahun ni, irin kọ́. Ojú la fi ń wá a, lẹ́yìn òjò, níbi tí àgbàrá ti ṣí ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ná gan-an sábà máa ń ní ihò lẹ́yìn, wọ́n lu ú kí wọ́n lè sín in mọ́ okùn. Bí ẹ bá ń wá ahoro tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ ra bàtà tó le, kí ẹ máa wolẹ̀ dáadáa.

Ahoro ìgbà Faransé ni ẹ̀rọ ti wúlò. Owó Gẹ̀ẹ́sì àti owó Faransé ló jọ wà níbẹ̀, torí ààlà kò dá ọjà dúró rí. Owó orí, fránkì ni ìjọba ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àgbàdo tàbí epo lọ ta lódìkejì, ṣílè àti kọ́bọ̀ ló ń mú bọ̀ wálé. Láti 1907 ni wọ́n ti ń rọ onínì àti kọ́bọ̀ onihò fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbé kọ́bọ̀ kan sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó: ihò láàárín, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tó yí ihò náà ká, ọdún nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí H kékeré nítòsí ọdún, ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham ló ṣe é. Bí ó bá jẹ́ KN, King's Norton ni. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè tẹ̀ lé e ní 1913, fàdákà gidi sì ni wọ́n nígbà náà. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ wọ́n. Igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ṣílè, ẹ ò ní ṣì í mọ̀ bí ẹ bá ti rí ẹyọ kan rí.

Ní ti Faransé, owó Faransé gan-an la kọ́kọ́ ná. Sàǹtíìmù onihò tó ní RF àti fìlà lára wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì máa ń ṣì í pè ní kọ́bọ̀ nítorí ihò náà. Bí ìràwọ̀ kò bá sí lára rẹ̀, ẹ wá RF. Ẹyọ fránkì márùn-ún onífàdákà ni gbogbo èèyàn ń fọkàn fẹ́: 25 gíráàmù, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 37. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé rọ bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Oṣù Kejìlá 1945 ni wọ́n dá fránkì CFA sílẹ̀. Ní 1948, wọ́n fi alumíníọ̀mù rọ fránkì kan àti méjì. Ní 1956, wọ́n rọ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n aláwọ̀ ìyeyè. Ní nǹkan bí ìgbà òmìnira 1960 ni ti BCEAO, báńkì àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọlé.

Ìdí tí mo fi ń ka irin wọ̀nyí lẹ́yọ-lẹ́yọ ni pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ «owó». Bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú irin náà àti bí ó ṣe tóbi tó ló ń gbọ́. Fàdákà àti bàbà máa ń fún un ní ohùn òkè, nọ́ńbà ńlá lójú ẹ̀rọ. Owó bàbà tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì pò, bíi kọ́bọ̀ àti sàǹtíìmù onihò, máa ń wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Fránkì alumíníọ̀mù ti 1948 àti ti 1961 fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti ìkòkò alumíníọ̀mù tó ti fọ́ àti bébà sìgá dídán. Ẹni tó bá pa gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lẹ́nu nítorí pàǹtí ti pa àwọn owó náà mọ́ ọn. Láti 1976, irin ni wọ́n fi ń rọ fránkì kan BCEAO. Ẹ̀rọ tí ẹ bá ní kó fojú fo irin á fojú fò ó.

Ẹ̀rọ mẹ́rin, ilẹ̀ kan

*Oníìgbì kan tí ilé iṣẹ́ ti dí ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ pa.* Garrett ACE 250 àti ACE 300 ni ẹ máa rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù. Ìgbì (ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ ń rán sínú ilẹ̀) kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, 6.5 kHz fún 250, 8 kHz fún 300. Wọ́n fúyẹ́, bátìrì AA mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ, ọmọ ilé ìwé lè kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Lórí ilẹ̀ iyanrìn ní ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo gbà pé wọ́n tó. Lórí ilẹ̀ pupa Kétu, ìwọ̀n tí wọ́n dí sínú wọn láti ilé iṣẹ́ kì í bá ilẹ̀ wa dọ́gba. Ohun tó kù fún yín ni pé kí ẹ rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀ títí ariwo á fi dákẹ́, nígbà náà owó tó bá jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá fi ọ̀kan yá yín, ẹ gbà á, kí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ẹ má fi owó yín rà á fún Kétu.

*Oníìgbì kan tó ṣeé mú bá ilẹ̀ mu.* Nokta Simplex+ (12 kHz) àti Garrett AT Pro (15 kHz) ló wà ní ẹgbẹ́ yìí. Bí a ti ń ṣe é rọrùn: ẹ wá ibi tí irin kò sí, ẹ di bọ́tìnì mú, kí ẹ máa gbé àwo sókè-sílẹ̀ títí ohùn á fi dọ́gba. Ẹ máa tún un ṣe bí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti yí padà. Ẹ tún un ṣe ní ìdí ààrò àtijọ́ pàápàá, torí ilẹ̀ tí iná ti jó pẹ́ máa ń fa ẹ̀rọ ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Láàárín méjèèjì, Simplex+ ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ṣeé fi okùn USB gba iná, kódà lára báńkì iná tí a fi ń gba fóònù lóko. AT Pro ń jẹ AA mẹ́rin, èyí dára fún ẹni tí iná kì í dé abúlé rẹ̀, tó sì ní ọlọ́jà bátìrì gidi nítòsí. Àwọn bátìrì olówó pọ́ọ́kú tó máa ń kú lójijì lè dá ọjọ́ yín dúró. Méjèèjì ń wọ omi dé mítà mẹ́ta, nítorí náà òjò kì í ṣe ìṣòro wọn.

*Ọlọ́pọ̀ ìgbì.* Èyí ń fi ìgbì mélòó kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fi wọ́n wé ara wọn kó tó sọ̀rọ̀. Fún ilẹ̀ oníyangí, ìyàtọ̀ rẹ̀ tóbi. Nọ́ńbà tó ń fún yín fún ẹyọ kan náà kì í yí kiri púpọ̀, kódà bí owó bá jìn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan tí ọlọ́jà kì í sọ: Minelab Vanquish 340, 440 àti 540 jẹ́ ọlọ́pọ̀ ìgbì lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò lè fọwọ́ ara yín mú wọn bá ilẹ̀ mu, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é. Nokta Legend, Minelab Equinox àti XP Deus II ń jẹ́ kí ẹ ṣe é fúnra yín. Fún ẹni tó lówó, tó sì mọ̀ pé òun kò ní fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹgbẹ́ yìí ló dára jù. XP jẹ́ ilé iṣẹ́ Faransé, ìwé ìlò rẹ̀ ní èdè Faransé sì kún, ẹni tó ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa á gbádùn ìyẹn. Vanquish 540 ni mo máa yàn ju ACE lọ nígbàkígbà, ṣùgbọ́n mi ò ní yàn án ju Simplex+ lọ ní ibi tí yangí ti pọ̀.

*PI (pulse induction: ẹ̀rọ tó ń rán agbára sílẹ̀, tó ń dákẹ́, tó tún ń rán an).* Àwọn ẹ̀rọ bíi Minelab GPX 5000 kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún ilẹ̀ pupa, wọ́n sì ń gbọ́ràn jìnnà ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Nítorí ìyẹn ni àwọn tó ń wá góòlù ṣe fẹ́ràn wọn. Lórí ahoro aba, ẹ̀rọ tí kò tọ́ ni. Wọn kì í ya irin sọ́tọ̀ dáadáa: ìṣó, èékánná ọkọ́ tó ti jẹ, páànù, ìdérí ìgò, gbogbo rẹ̀ ni wọn á ní kí ẹ gbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan jinlẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ á sọ oko olóko di kòtò. Owó wọn sì ju ti Simplex+ lọ lọ́nà tó pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ rà á fún owó àtijọ́ kò tíì dúró lórí ahoro rí.

Bí ọlọ́jà bá gbà kí ẹ dán ẹ̀rọ wò, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ gbé e dé orí ilẹ̀ pupa. Ẹ gbé àwo sókè dé orúnkún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Bí ó bá ń ké ní gbogbo ìgbà tó bá sún mọ́ ilẹ̀, tí bọ́tìnì kankan kò sì lè pa á lẹ́nu mọ́, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyọ owó kan sílẹ̀, ìṣó méjì tó ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé àwo kọjá lórí wọn láti apá ọ̀tún, kí ẹ yí padà kí ẹ gbà á láti apá kejì. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ ló jọ ohun tí ẹ máa gbọ́ lóko.

Àwo ńlá àbí àwo kékeré?

Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwo tó bá ẹ̀rọ jáde sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28. Ó ń gba ilẹ̀ kíákíá, ó sì ń gbọ́ jìnnà. Lórí oko gbalasa, lójú ọ̀nà tó ti kú, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ti wà rí, ilẹ̀ kún fún ìṣó, agolo sadíìnì, ọfà pákúté, ìdí ọta ìbọn ọdẹ. Àwo ńlá á gbọ́ mẹ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, irin á sì bo owó mọ́lẹ̀. Àwo kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ń gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà: díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ kò sí èyí tó ń fojú fò. Ó tún ń rí ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà yangí kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Jíjìn tí ẹ pàdánù kò tó nǹkan, torí owó inú ahoro aba kì í sábà jìn. Òjò àti ewé ló bò ó, kì í ṣe ilé tí wọ́n kọ́ lé e lórí.

Bí owó yín kò bá tó ẹ̀rọ ọlọ́pọ̀ ìgbì, ẹ ra oníìgbì kan tó ṣeé mú bá ilẹ̀ mu, kí ẹ fi èyí tó ṣẹ́ kù ra àwo kékeré àti ọ̀pá atọ́ka kékeré tí a fi ń wá owó nínú ihò. Mo fara mọ́ èyí ju ẹ̀rọ olówó ńlá tó ní àwo ńlá nìkan lọ.

Ohùn owó àti ohùn ìṣó: ìṣó tó ti dípẹtà máa ń dún dáadáa láti apá kan, á sì já láti apá kejì. Owó máa ń dún bákan náà láti apá méjèèjì. Ìdí ọta ìbọn ọdẹ, idẹ ni, ohùn rẹ̀ á tàn yín jẹ, kò sí ọgbọ́n tó lè yọ yín nínú ìyẹn ju gbígbẹ́ lọ. Nọ́ńbà orí ẹ̀rọ kan kò bá ti òmíràn mu, nítorí náà ẹ má gba nọ́ńbà ṣílè lẹ́nu ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ọ̀tọ̀.

Apá wo nínú ahoro?

Ọ̀nà tó jáde láti aba lọ sí ọjà ló dára jù fún owó, mo sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Ibẹ̀ ni ìdí aṣọ ti ń tú, ibẹ̀ ni a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi, pàǹtí irin sì kéré. Ìdí igi ńlá tó jẹ́ ibi ìsinmi tẹ̀ lé e: máńgòrò, osè, ìyeyè. Ìdí ààrò ní ìkòkò púpọ̀, owó díẹ̀. Ààtàn ní gbogbo nǹkan, àmọ́ ẹ á ṣiṣẹ́ kí ẹ tó rí ọ̀kan.

Inú ilé fúnra rẹ̀, níbi tí ògiri amọ̀ ti wó di òkìtì kékeré, ẹ fi í sílẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí nígbà náà. Níbi tí ẹ bá ti rí pèrègún tó dá dúró, tàbí irin tó kó jọ lójú kan, ojúbọ ló ṣeé ṣe kó jẹ́, ti Ògún pàápàá. Ẹ̀rọ yín á ké gidigidi níbẹ̀, torí irin ló wà níbẹ̀ tí wọ́n sì dìídì kó o síbẹ̀. Ẹ kọjá lọ. Ẹ ṣọ́ra fún kànga àti kòtò omi àtijọ́ tí koríko ti bò: omi ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ Kétu, àwọn baba wa sì gbẹ́ jìnnà kí wọ́n tó rí i.

Ìgbà tó dára ni ẹ̀yìn iná ìgbẹ́ ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kìíní tàbí ìkejì bá ti rọ ilẹ̀, kí wọ́n tó gbin àgbàdo. Ilẹ̀ tútù díẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ dáadáa, ó sì rọrùn fún gbígbẹ́. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ le bí àpáta.

Ẹnu ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà wọlé?

Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀, tàbí kí ẹ wọlé torí pé ahoro ni, kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Èkejì kò sí rárá. Ilẹ̀ ahoro ní ẹbí, wọ́n mọ ọ̀pẹ tó wà lórí rẹ̀ ní orúkọ. Ẹ lọ bá olórí ẹbí náà nílé, kì í ṣe lójú ọ̀nà, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an. «Bàbá, owó àtijọ́ là ń wá, gbogbo ohun tí a bá rí la máa kó wá fún yín láti wò» dára ju àlàyé gígùn lọ. Ẹ jọ fẹnu kò lórí bí ẹ ṣe máa pín in kí ẹ̀rọ tó dún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ kí baálẹ̀.

Benin ní òfin tó ń dáàbò bo ohun àjogúnbá wa, a kò sì lè wa ilẹ̀ níbi ìtàn láìgba àṣẹ ìjọba. Ẹ má gbé ẹ̀rọ sún mọ́ Àkábà Ìdẹ́nà (ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu), tàbí yàrà àti odi ìlú, bó ti wù kí ó dà bí ìgbẹ́ lásán. Kódà ní ahoro lásán, bí ẹ bá bọ́ sórí ohun tí kì í ṣe owó tó já bọ́, bíi ìkòkò tí wọ́n sin, idẹ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, irin tó kó jọ pẹ̀lú egungun, ẹ dúró, ẹ bo ó padà, kí ẹ sọ fún onílẹ̀ àti àwọn aláṣẹ. Ní 2021, nígbà tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà dé láti Faransé, gbogbo Benin ló yọ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ Kétu lè tú wá ní ìtàn tí ìwé kankan kò kọ, bí ó bá ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Fífọ̀ àti fífi pamọ́

Omi àti ìka ọwọ́ ló dára jù fún fàdákà àti kọ́bọ̀. Oje ọsàn wẹ́wẹ́, yanrìn àti ọṣẹ líle máa ń jẹ ọjọ́ orí kúrò lára owó, ẹni tó ń kó owó jọ kì í sì í rà á mọ́ lẹ́yìn náà. Fránkì alumíníọ̀mù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, ilẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́; ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá a. Ẹ má kó idẹ àti fàdákà sínú àpò kan tó ní ọ̀rinrin. Àpò bébà sàn ju ọ̀rá lọ ní ìgbà òjò. Sínú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ aba, orúkọ ẹbí tó ni ilẹ̀, ọjọ́, bí owó ṣe jìn tó, àti igi tàbí ọ̀nà tó sún mọ́ ibi tí ẹ ti rí i, torí ṣílè tí a mọ ibi tó ti wá ń sọ ìgbà tí aba náà ṣì ń ná owó.